Bí Orin Bá Gba Ìgboro, Ta Ni Í Kà Á?

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin kíkọ ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe orin kíkà. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ yín pé orin báyìí ni ó wà ní ipò kìíní ní ọ̀sẹ̀ yìí, pé orin lágbájá ti já wálẹ̀ sí ipò keje, pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, tí orin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde sì ti gòkè lọ kíákíá. Ipò kìíní níbo? Ta ni ó kà á? Kí ni ó tilẹ̀ kà? Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ tí n ó mú kò jìnnà sí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1997 sí 1998, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan kó ara wọn jọ ní Èkó, wọ́n pe ara wọn ní The Remedies. Eedris Abdulkareem ni ọ̀kan, Tony Tetuila ni èkejì, Eddy Montana ni ẹ̀kẹta. Orin tí wọ́n fi ṣí ọ̀nà fún ara wọn ni Shakomo. Ẹni tí ó bá gbé Èkó nígbà náà tí ó ní òun kò gbọ́ Shakomo, àfi bí ó bá ki òwú bọ etí. Ní Ìta Fàájì níhìn-ín, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ dánfó, ẹ ó gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ ó sì tún gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti ṣe àdúrà tán tí wọ́n bá yọ̀ǹda ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ.

Kí ni ó mú kí orin àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ ohun tuntun? Ní àkókò náà, ilé-iṣẹ́ àwo orin tí òyìnbó dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa ti ń kó ẹrù wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986 ni agbára náírà ti ń rẹ̀yìn. Àwo ńlá onírọ́bà tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ orin ti di ọ̀wọ́n, kásẹ́ẹ̀tì ni ó gba ipò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Títí di ọdún 1992, ìjọba nìkan ni ó ni ilé-iṣẹ́ rédíò ní Nàìjíríà. Òfin 38 ti ọdún náà ni ó yọ̀ǹda fún aládàáni. Nígbà tí ó di ọdún 1994, Ray Power, tí Raymond Dokpesi dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn lórí 100.5, tọ̀sán-tòru. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá sùn gbọ́dọ̀ rí orin fi kún àkókò rẹ̀, orin Amẹ́ríkà ni ó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá gbọ́ àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ wéréwéré bí ará Amẹ́ríkà nígbà náà, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé wọn dé ní àná. Shakomo ṣe ọ̀rọ̀ wéréwéré yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èdè ìgboro ni ó fi ṣe é, pìjín àti Yorùbá, bí ọmọ Èkó ti í sọ̀rọ̀ nígbà tí olùkọ́ kò bá sí nítòsí. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ìdí ìlù orin náà, nítorí ó ní ìtàn. Ìlù tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kọrin lé lórí kì í ṣe tiwọn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, MC Lyte, ará Brooklyn ní New York, ni ó ti lò ó ní ọdún 1996 nínú orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Keep On, Keepin' On. Orin yẹn dé ipò kẹwàá nínú ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n MC Lyte pàápàá yá a ni. Inú Liberian Girl ti Michael Jackson ni ó ti bù ú, orin tí ó wà nínú àwo Bad ti ọdún 1987. Michael Jackson yìí kan náà sì rèé, inú ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin olórin ni ó ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin. Orin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ Motown ní ọdún 1969 dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ẹ kò rí i bí? Orin tí a fi yin ọmọbìnrin ará Làìbéríà, ní etí òkun kan náà pẹ̀lú wa, ti ọ̀dọ̀ Jackson bọ́ sí ọwọ́ MC Lyte, ó sì gba ọ̀dọ̀ MC Lyte wá sí Èkó. Nígbà tí MC Lyte yá a, orúkọ Michael Jackson wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá wọn kọ orin náà, èyí ni pé bí owó bá dé, ìpín tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Èkó ìgbà náà, ó wọ́pọ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ìlù òyìnbó kí wọ́n sì kọrin lé e láìsí ẹni tí ó béèrè ìwé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Nísinsìnyí, àtẹ orin, tí àwọn ọmọ ń pè ní chart. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1952 ni ìwé ìròyìn New Musical Express kọ́kọ́ tẹ irú rẹ̀ jáde. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n lò. Ọkùnrin kan níbẹ̀, Percy Dickins, ni ó gbé tẹlifóònù, ó pe nǹkan bí 20 ìsọ̀ tí ń ta àwo, ó bi wọ́n pé èwo ni ẹ tà jù lọ́sẹ̀ yìí. Ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, Al Martino sì ni ó kọ́kọ́ jókòó sí orí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣáájú. Láti oṣù keje ọdún 1940 ni ìwé ìròyìn Billboard ti ń tẹ àtẹ àwo tí ó tà jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àtẹ Hot 100 rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1958.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dá àjọ ní ọjà Fàájì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Alájọ á wá láràárọ̀, ìyálọ́jà á fún un lówó, alájọ á fa ìlà sí ojú ilé kan lórí káàdì. Bí oṣù bá parí, wọ́n á ka ìlà. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ fún wàhálà rẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ẹni tí ó dá a. Ìyá tí kò mọ ìwé kíkà lè fi ọkàn balẹ̀, nítorí pé káàdì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ alájọ, ìlà orí méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Káàdì àjọ olórin ni àtẹ orin. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni owó, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé owó kan wà níbì kan. Àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Take That, gbé orin àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọdún 1991, ipò 82 péré ni ó dé. Ó dun àwọn ọmọ náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà, àwọn tí ó ń náwó lé wọn lórí náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún ara ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 1993 wọ́n dé ipò kìíní.

Kíkà yìí pàápàá ní àrékérekè tirẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, fún ọdún púpọ̀, ẹnu àwọn tí ń tajà ni wọ́n ń gbọ́, ẹni tí ń tajà a sì máa sọ ohun tí ó bá wù ú, tàbí ohun tí ẹni tí ó fún un lẹ́bùn fẹ́ kí ó sọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, Billboard bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ tí ń ka ìlà dúdú tí ó wà lẹ́yìn ọjà nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí àwo N.W.A. fi wọ ipò kejì, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ó bọ́ sí ipò kìíní. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti Compton tí rédíò kò fẹ́ẹ́ fi orin wọn gbọ́ ni N.W.A. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ra irú orin bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń rà á tipẹ́. Ìkà ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó mọ orin tí ó gba ìgboro láìsí àtẹ kankan. Nígbà ayé Abíbù Olúwa tí ó kọ sákárà, àti Túndé King tí ó ṣe àwo jùjú ní ọdún 1936, bí orin bá dùn, wọ́n á pe olórin sí òde, wọ́n á ná owó sí i níwájú, olórin á sì ka owó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó bá wọ inú ìlù, òun ni ó ní. Gbèdéke tí ó dára ni fún ẹni tí ń kọrin lójúkojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó wọ inú rédíò, tí ó ń kọ ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ilé tí olórin kò sí níbẹ̀, ta ni yóò bá a ka owó náà?

Ní ọdún 1998, kò sí ẹni tí ó ń kà á. Nàìjíríà kò ní àtẹ orin tí ó dúró lórí iye tí a tà. Èyí tí rédíò ń pè ní mẹ́wàá àkọ́kọ́, ohun tí atọ́kùn ètò fẹ́ràn ni, àti ohun tí àwọn olùgbọ́ bá tẹlifóònù wá béèrè. Ní ti ọjà, láti Ìta Fàájì, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ó dé Ìdúmọ̀tà. Níbẹ̀ àti ní Àlábà ni kásẹ́ẹ̀tì ti ń wọ ìlú. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé mákẹ́tà á fún olórin ní owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gba iṣẹ́ rẹ̀, á lọ tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Bí ó tẹ ẹgbẹ̀rún, bí ó tẹ ọ̀kẹ́ márùn-ún, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni ó mọ̀. Kí mákẹ́tà fúnra rẹ̀ tó tà tán, àwọn ayédèrú ti dé. Wọ́n ra ẹyọ kan, wọ́n to ẹ̀rọ àdàkọ jọ, wọ́n dà á kọ mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, kásẹ́ẹ̀tì ti wà lórí àtẹ ní owó tí kò tó ti ojúlówó. Kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin 47 ti ọdún 1988 ti sọ pé orin jẹ́ dúkìá ẹni tí ó ṣe é. Ní ọdún 2005 ìjọba tún gbé ètò kan dìde tí wọ́n pè ní STRAP láti gbógun ti àwọn ayédèrú. Ṣùgbọ́n òfin kì í ṣe káàdì àjọ. Bí olè bá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin yín tí ẹ kò ka ẹyin inú rẹ̀, kí ni ẹ ó sọ fún adájọ́?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Kenny Ogungbe àti Dayo Adeneye, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí òkìkí wọn kàn ní Ray Power àti lórí ètò AIT Jamz ti amóhùnmáwòrán, ni ó dá ilé-iṣẹ́ Kennis Music sílẹ̀ ní ọdún 1998, ibẹ̀ ni The Remedies sì wà. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe pọ̀. Wọ́n fi orin ọmọ ilẹ̀ wa sí ibi tí orin Amẹ́ríkà ti gba gbogbo àyè, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni bu iṣẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ètò náà ti rí. Ẹni tí ó ń sọ fún ìlú pé orin yìí ni ó dùn jù ni ó tún ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni orin náà. Mi ò sọ pé wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí kò sí ìkà láti ìta, kò sí bí olùgbọ́ ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín orin tí ìlú fẹ́ràn àti orin tí a fẹ́ kí ìlú fẹ́ràn. Ní ti Shakomo, ìlú fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, etí wa ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ orin mìíràn kò rí ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́ta náà kò pẹ́ pọ̀. Tetuila ya ọ̀nà tirẹ̀, àwọn yòókù náà tú ká, olúkúlùkù ń dá kọrin. Ní ọdún 2004 Eedris gbé Jaga Jaga jáde, Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú sí i, wọ́n sì ní kí rédíò má ṣe fi í gbọ́ mọ́. Ìyẹn kò dá a dúró kí ìgboro má gbọ́ ọ.

Ìkà ti dé wàyí, ó pẹ́ díẹ̀ ni. Ní oṣù keje ọdún 2020, Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ àtẹ kan fún orin Afrobeats tí àwọn ará ìlú wọn ń rà tí wọ́n sì ń gbọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, TurnTable bẹ̀rẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ìlú ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ bá wa ka ẹyin wa. TurnTable ń ka iye ìgbà tí a fi orin gbọ́ lórí fóònù, ó ń ka ti rédíò, ó sì ń ka ti amóhùnmáwòrán, ó pa wọ́n pọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá wá Shakomo lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ ó rí nọ́ńbà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà náà kò mọ ohunkóhun nípa dánfó ọdún 1998.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí lẹ́tà kan. Ìyá kan tí ń tajà ládùúgbò wa kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti ṣe orin àkọ́kọ́ wọn, pé ẹnì kan fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù tí ó fi hàn pé orin náà ti wà ní ipò kìíní, pé ẹni náà sì ń béèrè owó kí ó lè máa gbé e sókè. Owó náà ni àjọ ọdún kan tí ìyá yìí dá. Ó ń bi mí pé ṣé kí òun san án.

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni náà pé ipò kìíní lórí àtẹ wo ni. Àtẹ kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà, òmíràn wà tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń lo irú ohun èlò fóònù kan ṣoṣo, òmíràn tún wà tí ọmọ kan jókòó sí ilé rẹ̀ tí ó tò ó fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá to ènìyàn mẹ́ta sórí ìlà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níwájú. Ẹ tún béèrè pé kí ni wọ́n kà, àti ní ọ̀sẹ̀ wo. Bí ó bá jẹ́ owó ni ó ń gbé e sókè, a jẹ́ pé owó yẹn ni wọ́n kà, kì í ṣe etí ènìyàn, bí owó bá sì tán yóò já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ bi í pé ìlù tí wọ́n lò, ti ta ni? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bù ú láti inú orin ẹlòmíràn ni, kí wọ́n lọ gba àṣẹ, nítorí pé Ṣàkómọ́lẹ̀ ayé ìsinsìnyí ni ẹ̀rọ tí ń gbọ́ orin kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dá ìlù yá mọ̀, owó tí ó bá wọlé lè gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín lọ. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jọ kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́, iye tí ó kan olúkúlùkù, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bá wọn fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n gbé orin náà lọ sí ẹgbẹ́ tí ń gba owó fún àwọn olórin. MCSN ni ìjọba fún ní àṣẹ iṣẹ́ náà ní ọdún 2017, òfin tuntun lórí dúkìá ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 sì wà lẹ́yìn ẹni tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́.

Ní ti owó àjọ yín, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ alájọ títí ẹni náà yóò fi kó àwọn ìwé wọ̀nyí wá. Bí ó bá kó wọn wá, ẹ mú wọn wá hàn mí ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, mo máa ń wà nílé.